Ta Ló Ń Jẹun Nídìí Igbó? Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Wádìí Ẹ̀ Fúnra Yín N'Íbàdàn

Ẹ wo orúkọ àdúgbò wa n'Íbàdàn yìí ná. Ìdí Ìṣin, Ìdí Arẹ̀rẹ̀, Ìdí Ọ̀pẹ, Ìdí Àyúnrẹ́, ìdí igi ni gbogbo wa ń gbé. Orúkọ ìlú fúnra ẹ̀, Ẹ̀bá Ọ̀dàn, ń sọ fún wa pé etí ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ọ̀pọ̀ nínú igi yẹn ti lọ, orúkọ ló kù, àmọ́ igbó ò tíì kúrò nínú ìjẹ àti ìmu wa o: pákó tí wọ́n fi kan òrùlé, èédú tí wọ́n fi ń sun ẹja, ewé tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, orín àtà tí wọ́n fi ń rin ẹnu, orógbó, egbò àti èèpo igi tí wọ́n ń tà ní Bódè, inú igbó ni gbogbo ẹ̀ ti wá, ẹnì kan ló gé e, ẹnì kan ló rù ú, ẹnì kan ló ń tà á, ẹlòmíì sì ń gba owó lórí ẹ̀ láì fọwọ́ kàn án rárá.

Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí owó yẹn ṣe ń rìn, akẹ́kọ̀ọ́ ni o, oníròyìn ni o, ọmọ ẹgbẹ́ àdúgbò ni o. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ kan ti gbòde báyìí, báyò-íkónómì, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ìjọba àti lẹ́nu àwọn tó ń fúnni lówó iṣẹ́. Kò le. Ó túmọ̀ sí pé dípò ká máa fi epo rọ̀bì àti èédú abẹ́ ilẹ̀ ṣe gbogbo nǹkan, ká máa lo ohun tó ń hù tó sì tún lè hù padà, igi, ewé, èso, pàǹtí oko, ká fi ṣe iná, ká fi ṣe ike, aṣọ, oògùn. Ilẹ̀ Yúróòpù gbé ètò tiwọn jáde ní 2012, Finland gbé tiẹ̀ jáde ní 2014. Àmọ́ ní Finland, igbó gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn, àwọn ìdílé ló sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó nígbó lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé lé ní 600,000 èèyàn, nítorí náà tí igi bá gbówó lórí, owó ń wọlé ẹni tó nígbó. Níbí ńkọ́? Igbó Gambari tó wà lọ́nà Ìjẹ̀bú àtijọ́ yẹn, ti ìjọba ni, ilẹ̀ ẹbí wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ wà lọ́tọ̀, òfin ilẹ̀ 1978 sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Tẹ́nì kan bá gbé ètò Finland wá síbí bó ṣe wà, irú ẹni tó ń jẹ nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún kọ́ ló máa jẹ nínú ẹ̀ níbí.

Àwọn tó mọ̀ nípa igi ò wọ́n wa n'Íbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ igbó ti wà níbí láti 1939, FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Jẹ́ríkò, bẹ̀rẹ̀ ní 1954, àwọn onímọ̀ kòkó wà ní Ìdí Àyúnrẹ́ láti 1964, Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá ní ẹ̀ka tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ igbó àti àwùjọ ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti wọn igi, wọ́n ti ka igi. Èyí tó ń ká mi lára ni pé a ò tíì ka àwọn èèyàn tó wà nídìí igi tó bó ṣe yẹ, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àwùjọ sì nìyẹn, kò dìgbà téèyàn bá ní dókítà níwájú orúkọ kó tó lè ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wádìí "igbó". Igbó ti tóbi jù. Ẹ mú ewé, tàbí èédú, tàbí pákó arère, tàbí orín, ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wá bá a rìn láti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó padà sẹ́yìn. Mo ní padà sẹ́yìn o. Tó bá jẹ́ inú igbó lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ pàdé níbẹ̀ á rò pé ìjọba ló rán yín wá mú òun, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìyá ẹlẹ́wé tẹ́ ẹ ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tipẹ́ ló júwe ẹni tó ń kó o wá fún wọn, orúkọ ìyá lẹ máa fi wọlé, ara á sì tu gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ n fi ewé ṣe àpẹẹrẹ torí mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́. Ewé mọ́ínmọ́ín yìí, abẹ́ igi ńlá ló ń hù, níbi tí ibòòji wà, tí wọ́n bá ti gé igi orí ẹ̀ tán òun náà ń lọ nìyẹn. Ó ń so èso pupa kan sísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ohun kan wà níbi awọ tó bo kóró ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thaumatin, adùn ẹ̀ fi bí ìlọ́po 2,000 sí 3,000 ju ti ṣúgà lọ tẹ́ ẹ bá wọ̀n wọ́n pọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ń fi sínú oúnjẹ àti ṣingọ́ọ̀mù, E957 ni wọ́n ń kọ sára páálí ẹ̀ ní Yúróòpù. Obìnrin tó ń já ewé yẹn, owó ìdì ewé ló mọ̀. Ní 2010 àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní Nagoya nílẹ̀ Japan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, pé tẹ́nì kan bá fi ohun tó ń hù nílùú ẹlòmíì àti ìmọ̀ àwọn ará ibẹ̀ pawó, kó pín wọn níbẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pín nǹkan fún ẹni tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan pé ó wà láyé?

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọlé tọ̀ wọ́n

Ìkíni ni àkọ́kọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ̀gbá" fún ọlọ́jà, "àrokòbọ́dún o" fún àgbẹ̀, tẹ́ ẹ bá pàdé ọdẹ lọ́nà, "àrìnpa o". Ẹ lọ rí ìyálọ́jà kẹ́ ẹ tó bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, ní ọjà pákó ẹ rí alága ẹgbẹ́, ní abúlé ẹ rí baálẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn ò jẹ yín ní gbèsè. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yunifásítì, ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jáde, ìwé ìbéèrè ni mo gbé dání, gbọọrọ báyìí, mo bá ìyá kan nídìí èédú mo sì bi wọ́n pé "Mà, èló lẹ ń rí lóṣù?" Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọn tó ń gba owó orí ló rán ẹ ni?" Wọ́n yíjú padà sí oníbàárà wọn. Ọjọ́ yẹn parí síbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan, ìbéèrè náà gan-an ò mọ́gbọ́n dání, torí ta ló ń ka owó lóṣù nídìí ọjà? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á, tàbí ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà, tàbí láti ìgbà tí ọkọ̀ dé sí ìgbà tí ọkọ̀ míì máa dé.

Nítorí náà àná ni kẹ́ ẹ máa bi wọ́n. Àpò mélòó lẹ gbà lánàá mà? Èló ni wọ́n gbé e fún yín? Ta lẹ sanwó fún kó tó dé ìsọ̀? Mélòó lẹ tà, mélòó lẹ tà láwìn, mélòó ló bàjẹ́? Ẹ tún bi wọ́n nípa ọkọ̀ tó dé kẹ́yìn. Téèyàn bá sọ̀rọ̀ ohun tójú ẹ̀ rí lánàá, kò ní í ro ìdáhùn tó máa dùn mọ́ yín nínú. Ẹ padà lọ nígbà òjò, ẹ padà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí tí òjò bá ń rọ̀, ọ̀nà igbó á bàjẹ́, igi á tutù, èédú á wọ́n, ẹni tó bá fi iye owó oṣù kejì sọ pé bí ọdún ṣe rí nìyẹn ti ṣi gbogbo wa lọ́nà. Ẹ má sì gba àpò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Àpò èédú kan wà tí wọ́n rán ẹnu ẹ̀ pa láìkún, òmíì wà tí wọ́n fi ewé àti okùn gbé orí lé e títí tó fi ga ju ọmọdé lọ, "àpò kan" sì ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ìwọ̀n tí wọ́n ń so kọ́ igi ò wọ́n, ẹ ra ọ̀kan.

Ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Ẹ jókòó ti wọn. Ẹ bá wọn ka ewé, ẹ bá wọn dì í, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta kò sí nínú ìwé ìbéèrè kankan.

Àti pé ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí bàálé ilé bá wà níbẹ̀, òun ló máa dáhùn, ìyàwó á sì máa ṣe "bẹ́ẹ̀ ni", bẹ́ẹ̀ òun ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń pa iná ìléru èédú, òun ló ń ṣa á, òun ló ń rọ ọ́ sápò, ẹnikẹ́ni ò sì sanwó ẹ̀ fún un. Àwọn lẹ́búrà tó wá láti ìlú míì náà, àwọn tó ń di ṣéènsọ́ọ̀ mú, àwọn alábàárù tó ń ru pákó, tí ọ̀gá wọn bá dúró tì yín wọn ò ní í sọ iye tó ń wọ ọwọ́ wọn gan-an. Ẹ dúró dìgbà oúnjẹ.

Ta ló lè gé e?

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró pẹ́ sí jù nìyí. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí oko, ìbéèrè tó lágbára kì í ṣe "igi mélòó ló wà níbí?" Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ló lè já ewé níbí, ta ló lè ṣẹ́gi gbígbẹ, ta ló lè kọ ẹyìn, ta ló lè gé ìrókò, ta ló lè gbin igi tuntun? Ìdáhùn ò ní í dọ́gba. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo bó ṣe wù ú, àmọ́ tó bá gbin kòkó, tó gbin obì, tó gbin tíìkì, ọ̀rọ̀ ti di míì, torí lọ́dọ̀ wa ẹni tó gbin igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn, onílẹ̀ ò sì ní í gbà fún un. Gbogbo ìgbà ni mo ń gbọ́ tí wọ́n ń bá àgbẹ̀ wí pé kò fẹ́ gbin igi, ó ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́, wọn ò láṣẹ ni.

Ẹ tún wo tọ́ńgíyà. Ilẹ̀ Burma ni ìlànà yẹn ti wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1927 ní Sápọ́bà nítòsí Benin, ó sì dé Gambari níbí náà. Wọ́n á fún àgbẹ̀ nílẹ̀ nínú igbó ìjọba, á gbin àgbàdo àti iṣu, á gbin ọmọ igi tí wọ́n fún un sáàárín, á máa ro ó, lẹ́yìn bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí igi bá ti bolẹ̀, á kúrò. Oúnjẹ ti àgbẹ̀, igi ti ìjọba. Tí ọmọ igi bá wá ń kú, onímọ̀ kan lè ní ikán ni, òmíì lè ní ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àmọ́ ẹ fi ara yín sípò àgbẹ̀ yẹn, ọjọ́ tí igi yẹn bá ga ni oko tiẹ̀ tán, ṣé ẹ máa kánjú kó ga? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é làwọn olùwádìí ti bá nǹkan yìí pàdé. Àyẹ̀wò iyẹ̀pẹ̀ ò lè fi ìyẹn hàn, àfi kẹ́ ẹ jókòó ti onítọ̀hún.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Jesse Ribot àti Nancy Peluso, kọ ohun kan ní 2003 tó ràn mí lọ́wọ́ gan-an: ẹ̀tọ́ sí nǹkan lọ́tọ̀, agbára láti jẹ nínú ẹ̀ lọ́tọ̀. Ribot ti rí i lórí èédú ní Senegal, pé àwọn oníṣòwò ìgboro tí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn ló ń kó èrè tó jọjú, kì í ṣe abúlé tí igbó wà. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé "abúlé ló nigbó", ẹ dá a lóhùn pé ó dáa, ta ló lówó ọkọ̀? Ta ló mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé? Ta ló lè dúró de owó títí di oṣù mẹ́ta?

Ẹ sì wá òfin tí kò sí nínú ìwé. Onímọ̀ kan, Garrett Hardin, kọ ọ́ ní 1968 pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, gbogbo ayé ló máa bà á jẹ́. Elinor Ostrom lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, pé àwọn ará ibì kan lè fúnra wọn ṣòfin, kí wọ́n ṣọ́ ara wọn, kí wọ́n fìyà kékeré jẹ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, kí wọ́n sì fi kún un fún ẹni tó tún un ṣe, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọrọ̀ ajé, ní 2009. Àwa náà mọ àalè. Ẹ bi àwọn àgbà: irú àalè wo ni wọ́n ń fi sára igi níbí, ta ló lè fi í, tẹ́nì kan bá rú u kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i, ṣé wọ́n ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀? Igi wo ni wọn kì í gé, ìgbà wo ni wọn kì í wọgbó? Ìgbà wo ni òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ta ló kọ́kọ́ tú u? Ìdáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹ pín ọgọ́rùn-ún náírà

Tẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ ya àwòrán bí ọjà ṣe rìn, àmì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá. Ká wá ní oníbàárà ra èédú 100 náírà. Nínú 100 yẹn, èló dé ọwọ́ ẹni tó sun ún, èló ni ti onílẹ̀, ti ọlọ́kọ̀, ti àwọn tó ń gbowó lójú ọ̀nà, ti alárọ́bọ̀, ti alábàárù, owó ọjà ńkọ́? Ẹ kọ iye tó wọlé lọ́tọ̀, ẹ kọ ìnáwó lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ má pe owó tó kàn gba ọwọ́ èèyàn kọjá ní èrè. Ẹ sì kọ wákàtí iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wákàtí bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lojú máa là.

Ẹ lo àwòrán yẹn nígbà tí ètò tuntun bá dé. Ẹ wo lẹ́búlẹ́bú pákó ní Bódìjà, òkìtì rẹpẹtẹ nídìí àwọn sọ́mìlù, wọ́n ń dáná sun ún, èéfín ń bo àdúgbò. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ pé òun fẹ́ kó o lọ fi ṣe èédú alábùlẹ̀pọ̀ tàbí kóun fi gbin olú, gbogbo ayé á pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà á pàtẹ́wọ́, àǹfààní wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó pè é ní pàǹtí, ẹ lọ dúró níbẹ̀ láàárọ̀ kan kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń wá bù ú: ẹni tó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ adìyẹ, ìyá tó ń fi dáná nínú ààrò alágolo, ọmọkùnrin tó ń rọ ọ́ sápò tó sì ń gbé e kiri tà. Lọ́jọ́ tí ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ bá dowó, àwọn yìí ló máa kọ́kọ́ pàdánù ẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú àwòrán kí ilé iṣẹ́ tó dé, torí tó bá ti dé tán, kò sẹ́ni tó máa rántí pé wọ́n wà níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ jọ̀ọ́. Nínú àwọn tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀, àwọn kan wà tí wọn ò níwèé àṣẹ tí wọ́n fi ń gégi. Ẹ má kọ orúkọ wọn, ẹ má yà wọ́n ní fọ́tò, ẹ má fi ibi tí wọ́n ti ń gé e sórí máàpù, kódà nínú fóònù yín. Ẹni tó la inú sílẹ̀ fún yín ò gbọ́dọ̀ tipa yín dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn náà ẹ mú àwòrán yín padà lọ fún àwọn tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ò tíì parí tẹ́ ẹ ò bá tíì mú un padà lọ. Ẹ lẹ àwòrán yẹn mọ́ ògiri níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá, kẹ́ ẹ kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ọjọ́ tí mo gbé ti ewé padà lọ, ìyálọ́jà wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá fi ìka tọ́ka sí àárín àmì méjì kan, wọ́n ní, "Àwọn tó ń to ewé, tí wọ́n ń fi okùn dì í kí ilẹ̀ tó mọ́ dà?" Mi ò kọ wọ́n, torí aago mẹ́jọ ni mo máa ń dé ọjà. Mo padà lọ láago mẹ́rin ìdájí, mo bá ọmọbìnrin mẹ́rin àti ìyá àgbà kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sáàárín ewé, ọwọ́ wọn ò dúró. Mo ní láti tún 100 náírà yẹn pín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú àwòrán tiyín fún irú ìyẹn, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i torí owó ọjà ò ní í pẹ́ yí, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyálọ́jà.